Àbẹ́là, Èéfín àti Ògiri: Ibi Tí Mo Bá Iṣẹ́ Dé Lórí Àwòrán Sinimá Tó Ń Gba Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Wá

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Fíìmù kan ló fa iṣẹ́ yìí. Mo ti wò ó lórí àwo Blu-ray tẹ́lẹ̀, mo wá tún un wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹlifíṣọ̀n kan náà ni, 1080p, ìyẹn ìlà 1,080 láti òkè dé ìsàlẹ̀ àwòrán, sì ni wọ́n kọ sí méjèèjì. Nígbà tó kan ibi tí ọkùnrin kan ti dúró nínú yàrá tó ṣókùnkùn, mo rántí pé lórí àwo, mo rí ìṣẹ́po aṣọ dúdú rẹ̀, mo sì rí ibi tí èjìká rẹ̀ ti yà kúrò lára ògiri. Èyí tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ó dùn mí gan-an. Ẹnìkan ló fara balẹ̀ to iná yàrá yẹn kí aṣọ náà lè hàn bẹ́ẹ̀.

Mo pinnu láti ya fídíò tèmi, kí n sì fún un pọ̀, ìyẹn kí n dín dátà rẹ̀ kù, ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, kí n lè fojú ara mi rí ohun tó ń kọ́kọ́ sọnù.

Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni mo yà, àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bíi ti sinimá. Àbẹ́là ń jó níwájú ògiri funfun, àbúrò mi jókòó tì í, nígbà tó yá ó fẹ́ ẹ pa, èéfín sì gòkè. Lẹ́yìn náà ni mo fi kọ̀ǹpútà wọ́n hóró wínníwínní sí i lára, irú èyí tó máa ń wà lára fíìmù tí wọ́n fi sẹ́lúlọ́ìdì yà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n ni: òkùnkùn, èéfín àti hóró ló máa ń dá ìfúnpọ̀ láàmú jù.

Ọ̀sẹ̀ kejì

ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà kan fún fídíò, ni mo lò, pẹ̀lú H.264, codec (ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀) tó ti wà láti 2003. Ẹ̀dà márùn-ún ni mo ṣe: 1, 2, 4, 8 àti 16 Mbps (mílíọ̀nù bit dátà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ̀dà 4 Mbps jẹ́ nǹkan bí 45 MB, ti 16 jẹ́ 180. Kí ẹ lè mọ bí àlàfo náà ṣe tó, àwo Blu-ray lásán lè gbé 40 Mbps fún àwòrán nìkan, ti 4K, tí píksẹ́lì rẹ̀ (àwọn ẹyọ àmì tó para pọ̀ di àwòrán) jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p, sì lè dé 128 Mbps lápapọ̀. Netflix ní tirẹ̀ sọ pé 15 Mbps ni íntánẹ́ẹ̀tì ẹni tó fẹ́ wo 4K gbọ́dọ̀ tó.

Mo fi alẹ́ méjì ṣòfò kí n tó rí i pé tẹlifíṣọ̀n mi ń fi àwòrán tirẹ̀ há àárín àwòrán tèmi kí ìrìn wọn lè dán. Mo yí i sí Filmmaker Mode, ètò tó ń pa irú àfikún bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Lórí 16, gbogbo nǹkan pé. Lórí 8, hóró ń hàn, ó ń pòórá. Lórí 4, ojú àbúrò mi ti ń dán bí ìda. Ihò kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀ ti lọ. Lórí 2, èéfín já sí àpótí-àpótí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà wọ́n. Bí mo bá dá fídíò náà dúró, ó lè jọ pé kò sí nǹkan kan. Ìgbà tó bá ń rìn ni mo máa ń rí i pé ògiri ń mí sókè sódò, ní gbogbo ìgbà tí odidi àwòrán tuntun bá wọlé.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Codec kì í kọ àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lódindi. Ó máa ń wo èyí tó ṣáájú, ó á ní ibí yìí ò yí padà, tọ̀hún sún díẹ̀ sọ́tùn-ún, ìyàtọ̀ nìkan ló sì ń kọ. Hóró kì í dúró lójú kan láti inú àwòrán kan sí òmíràn, kò sí bí codec ṣe lè sọ ibi tó máa bọ́ sí. Bí dátà kò bá tó, òun ló kọ́kọ́ ń jù nù, tòun ti awọ ara tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ògiri ló yà mí lẹ́nu jù. Lórí 16, ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ń ṣá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di òkùnkùn. Lórí 4, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn, òrùka kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀dà 8-bit ni méjèèjì, ìpele 256 péré ló wà fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ nínú wọn ló sì bọ́ sí ibi tó ṣókùnkùn. Kí ló wá dé tí àtẹ̀gùn kò fi hàn lórí 16? Hóró ló ń bò ó! Ohun tí mo pè ní ọ̀ṣọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Mo tún un ṣe ní HEVC, codec tó tẹ̀lé H.264, ní 10-bit, níbi tí ìpele ti di 1,024. Lórí 8 Mbps, òrùka kankan ò sí mọ́.

Mo tún dán 4K wò lórí 4 Mbps kan náà pẹ̀lú H.264. Píksẹ́lì di ìlọ́po mẹ́rin, dátà ò lé. Èéfín rẹ̀ burú ju ti 1080p lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

AV1, codec mìíràn tó jáde ní 2018, ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn: ó lè kó hóró kúrò kó tó fún fídíò pọ̀, kó kọ bí hóró náà ṣe rí ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde sì ṣe tuntun. Lórí 4 Mbps, ògiri mi padà sípò. Ojú àbúrò mi dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ihò ẹ̀gbẹ́ imú yẹn ò padà. Hóró tuntun ló wà lórí awọ tó ti di ìda.

Èyí tó kù ni kí n gé fídíò náà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin-mẹ́rin, kí ìwọ̀n rẹ̀ máa lọ sókè sódò bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń ṣe. Lálẹ́ àná, mo pa gbogbo iná yàrá, mo wo ẹ̀dà HEVC 8 Mbps yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èéfín náà gòkè bí òwú kan ṣoṣo, kò já, títí ó fi jáde lókè àwòrán.