Fáànù Tí Kì Í Lo Iná

Ìdí igi máńgòrò kan wà ní ẹ̀yìn ilé wa ní Ìbàdàn tí nǹkan kan kì í hù sí. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, ó rù bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Mo gbin ata, ó ga gbọọrọ, kò so ẹyọ kan. Oòrùn kì í débẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń tutù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo yà sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ máńgòrò mi fún un. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ tó fi nawọ́ sí àwọn ìkòkò kan lábẹ́ àtíbàbà.

"Fáànù ni kẹ́ ẹ rà. Ibi tí oòrùn ò bá dé gan-an ló fẹ́."

Ewéko tí òyìnbó ń pè ní fern ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ewé gígùn ni, ó ya wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì bí eyín ìyarun. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ láàárín ká bí ìrù agẹmọ. Ó jọ ẹni tí mo mọ̀ rí, àmọ́ mi ò rántí ibi tá a ti pàdé. ₦3,500 ni ìkòkò kan. Mo ra márùn-ún, a ná an títí, ó gba ₦15,000. Mo rò pé mo jèrè.

Àfi ìgbà tí mo délé tí Ìyá Ìbejì yẹ̀ ẹ́ wò. "Bàbá Ìbejì, ṣé kì í ṣe ewé ara ọ̀pẹ rèé?"

Òun náà ni. Ewé tó máa ń hù níbi tí wọ́n ti gé imọ̀ lára ọ̀pẹ, tí àwọn tó ń kọ ẹyìn máa ń fi àdá bẹ́ dànù kí wọ́n tó rójú ríran. Àwọn tó kàwé nípa ewéko ń pè é ní Nephrolepis biserrata, orúkọ yẹn ló sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lóko bàbá mi nítòsí Gbọ̀ngán, ọ̀pẹ kan ṣoṣo lè gbé èyí tó pọ̀ ju ti gbogbo ọjà ìyá olódòdó lọ. Mo bẹ ìyàwó mi kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mò ń gbin ìkarùn-ún lọ́wọ́ ni Màámi pè.

"Kí lò ń ṣe tó o fi ń mí hẹlẹhẹlẹ?"

Ṣé kí n wá sọ fún ìyá tó tọ́ mi nídìí ọ̀pẹ pé mo fowó ra ewé ara ọ̀pẹ? Orúkọ ọjà ni mo dá.

"Fáànù ni mo rà, mà. Márùn-ún."

"Márùn-ún! Ṣé iná ti wá ń dúró ní Ìbàdàn ni?"

"Kì í lo iná, mà."

"Ẹn-ẹ́n, èyí tí wọ́n ń sá sóòrùn yẹn ni."

"Rárá o, oòrùn ò gbọdọ̀ kàn án. Abẹ́ ibòòji ló ń gbé. Omi ló ń lò."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Omi?"

"Àràárọ̀, mà. Tí ọyẹ́ bá dé, ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́."

"Ayé dayé òyìnbó," ni Màámi wí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì gé. Ó yẹ kí n pè é padà. Mi ò pè. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Gbọ̀ngán pé Màámi ń sọ fún gbogbo agboolé pé ọmọ òun ra fáànù olómi márùn-ún.

Fáànù mi gbádùn ìdí máńgòrò ju bí mo ṣe rò lọ. Ewé máńgòrò tó ti jẹrà ni mo kó sí i nídìí, òjò sì ń rọ̀ déédéé. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ewé kan ti fẹ́ ga tó Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún méje. Mo ń mú àlejò lọ wò ó. Mo tilẹ̀ gbé àga lọ síbẹ̀, mo ń jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ mọ́tò tuntun.

Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti ṣí ewé kan wò lábẹ́, tí àyà mi já. Àmì róbótó-róbótó ló kún ibẹ̀, wọ́n tò lọ létí ewé bí ìgbà tí aránṣọ bá to bọ́tìnnì. Mo fi èékánná ha ọ̀kan, ó bú sí mi lọ́wọ́ bí aṣáà. Mo ṣí ewé kejì, bákan náà. Kòkòrò ti yé sí fáànù mi lára!

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kan wà nínú ife ní balùwẹ̀. Mo bu omi sí bókẹ́ẹ̀tì, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣe ni mo fi ọwọ́ òsì tẹ́ ewé náà lẹ́yìn kó má bàa ya, tí mò ń fi ọwọ́ ọ̀tún rọra ha á láti òkè wá sílẹ̀. Táyé ní òun á ka àmì náà. Ti ara ewé wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo lé ní 50, ewé wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ sì lé ní 80 lórí ọ̀pá kan. Kẹ́hìndé ló bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ní, "Dádì, ó ku 4,000 lórí èyí nìkan." Mo ní kó lọ sùn.

Ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Omi ìdọ̀tí rẹ̀, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo ń dà á sí, níbi tí táǹkì wa ti ń jò sára ògiri. Lọ́jọ́ kẹta ni aládùúgbò wa kan yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó ní n kàn ń fi ara mi ṣòfò ni, pé kí n po ọṣẹ mọ́ kẹrosíìnì kí n wọ́n ọn sí i. Mo wọ́n ọn. Ká sọ òótọ́, àmì ọ̀hún kò pọ̀ sí i mọ́. Ewé ni kò sí mọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ gbẹ wọ́nyanwọ̀nyan.

Mo já ewé kan tó ṣẹ́ kù, mo fi ìbínú wakọ̀ lọ bá ìyá olódòdó. "Ẹ wo àrùn tí ẹ tà fún mi!"

Ó gbà á, ó yí i padà, ó wò mí. "Kí lẹ wá ṣe sí i?"

Mo ṣàlàyé. Nígbà tí mo dé ibi búrọ́ọ̀ṣì, ìyá yìí wá ibi jókòó sórí àpò ilẹ̀ dúdú kan. Nígbà tó rí ohùn fi pariwo, àwọn tó ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ké sí. "Ẹ wá gbọ́ o! Kọ́sítọ́mà mi ń fọ eyín fún fáànù!"

Irúgbìn rẹ̀ ni mo ń fọ̀ dànù. Fáànù kì í yọ òdòdó, kì í so èso. Eruku bí aṣáà yẹn ló fi ń bímọ. Tó bá bọ́ síbi tó tutù, á kọ́kọ́ hù bí nǹkan ewéko pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná lọ, lára ìyẹn ni ewé gidi á ti yọ. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa, ẹni mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Mi ò ra òmíràn. Ojú ń tì mí láti padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ni mo rí i pé ara ògiri ẹ̀yìn balùwẹ̀ ti ń dú lọ́bẹ́lọ́bẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ìrù agẹmọ kékeré kan yọ. Méjì. Ogún. Omi tí mo dà nù! Ìyá Ìbejì ní kí n pe púlọ́mbà kó wá dí táǹkì, mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan táǹkì yẹn, èmi àti onítọ̀hún ni. Ọdún kan àtààbọ̀ la fi ń fi omi ṣòfò, ògiri sì di ọgbà.

Oṣù kẹta, nígbà tí ooru Ìbàdàn ń bọ́ni láṣọ, ni Màámi wá kí wa. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Nígbà tí mo dé, mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé, mo sì rí ògiri. Ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Màámi na ẹsẹ̀ sílẹ̀ nídìí máńgòrò, àdá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò tètè dìde.

"Mo ti bá ọ tọ́jú ògiri yẹn," ni ó wí. "Ewé ara ọ̀pẹ ti fẹ́ jẹ ẹ́ wó. Dìde, ọmọ mi. Àwọn fáànù olómi yẹn dà? Mo ti wá gbogbo yàrá, mi ò rí ọ̀kan. Ooru fẹ́ẹ̀ pa mí." Ewé kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi í fẹ́ra.