Fáítámì C tí Bọ̀dá mi ń jẹ bíi súìtì

Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá mi, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi láti Báyékù lọ sí Langbasa, ṣàdédé rí i pé ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ń léròrò bíi ti ẹni tí epo gbígbóná ta sí lára. Kí wọ́n kàn fi ọwọ́ gbá etí ọkọ̀, awọ á bó bí èèpo tòmátì tí a da omi gbígbóná lé. Ìtọ̀ wọn wá pọ́n bí omi sóbò. Ìyá wa ní ẹnìkan ló nawọ́ ìkà sí wọn.

Aládùúgbò kan ní kí wọ́n máa lo fáítámì C, pé ó ń tún awọ ṣe. Bọ̀dá mi ra ike kan, eléyìí tó dùn bí ọsàn. Márùn-ún, mẹ́fà lójúmọ́, bíi súìtì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi ògógóró lé e lọ sísàlẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní porphyria cutanea tarda ni. Bí àwọn tó ń ṣe gàrí ni mo ṣe fi yé ara mi. Ọwọ́ mẹ́jọ ni iṣẹ́ ń gbà kọjá kí ara tó rí heme ṣe, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n. Bí ọwọ́ karùn-ún bá ń fà sẹ́yìn nínú ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ tí ò tíì parí á kún ilẹ̀, á di porphyrin, á bá ẹ̀jẹ̀ dé awọ. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ń bá a jà.

Mo dárúkọ fáítámì C, mo rò pé dókítà á bú wa. Wọn ò bú wa. Wọ́n ní òótọ́ ni pé fáítámì C máa ń kéré lára ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí. Àwọn eku kan wà tí ara wọn ò lè ṣe fáítámì C, bíi tàwa èèyàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí dín in kù nínú oúnjẹ àwọn eku náà, porphyrin gbára jọ sí ẹ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ fáítámì C yìí kan náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún irin inú oúnjẹ láti wọ ara, irin tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀dọ̀ ló sì ń ti àìsàn yìí lẹ́yìn. Níbi tí irin bá ti pọ̀, apá fáítámì C kì í fi bẹ́ẹ̀ ká a mọ́. Irin Bọ̀dá mi sì ti pọ̀.

"Ṣé ẹ máa ń mutí?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni o, dókítà."

Mo wúkọ́.

Bí dókítà ṣe ní kí Bọ̀dá mi fi ògógóró sílẹ̀ nìyẹn, àti fáítámì oníhóró. Ọsàn ò léèwọ̀. Wọ́n ní àwọn á máa fa ẹ̀jẹ̀ nǹkan bí 450ml ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí irin lè máa bá a jáde títí á fi wálẹ̀. Inú bí Bọ̀dá mi: "Ara mi ò yá, ẹ tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi!" Mo rò pé wọn ò ní padà lọ. Wọ́n lọ.

Ó ti di àpò keje báyìí. Ìléròrò ò yọ mọ́, àpá ló kù. Wọ́n ṣì ń wọ ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù alápá gígùn wa ọkọ̀, torí ìpara oòrùn lásán kì í dí irú ìmọ́lẹ̀ tó ń dà wọ́n láàmú. Àwọn èrò Langbasa ń pè wọ́n ní Pásítọ̀. Ike fáítámì C náà wà nínú ọkọ̀. Ìwọ̀ ẹja ló wà nínú rẹ̀.