Láti Abẹ́òkúta dé Olókeméjì Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Èkó wọ Abẹ́òkúta, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni yóò máa bá pàdé títí yóò fi kọjá Ìfọ̀ àti Ewékorò. Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì ló wà lábẹ́ ilẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn, òun ni iléeṣẹ́ Ewékorò sì ń wà láti ọdún 1960. Bí a bá ti dé Abẹ́òkúta, akọ òkúta gba ilẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, sí Ìmálà, títí wọ ilẹ̀ Ìbàdàn àti Òkè-Ògùn, àpáta ni ìpìlẹ̀ ilẹ̀, ó sì ń yọrí síta níbi tó bá wù ú. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò lè sùn kọjá gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò lè sùn, itan rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ ti yí padà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ràn ọ̀nà Ṣágámù nítorí pé ó fẹ̀, ènìyàn sì lè sáré níbẹ̀ dáadáa. N kò bá wọn jiyàn. Ní tèmi, ọ̀nà tó lọ sí àríwá, tó gba Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Oríle Ìlúgùn títí dé Olókeméjì, ni mo fẹ́ràn jù ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, mo sì fẹ́ kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ púpọ̀ sí i mọ̀ ọ́n.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ gbéra, ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì dé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ Àìkú ni. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta pọ̀ ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, láàárín ọ̀sẹ̀ àwọn akẹ́rù tó ń kó òkúta náà kì í jẹ́ kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ rí etí títì lò. Ní ọjọ́ Àìkú, wọn kì í pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkìjà, ní ìdí Olúmọ, la ti bẹ̀rẹ̀. Mítà 137 ni orí àpáta náà fi ga ju òkun lọ. Lábẹ́ rẹ̀ làwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830. Ogun ti tú àwọn ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá, wọ́n ti gbé ní Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ kò sì gbà wọ́n mọ́. Apá ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ gan-an ni àwa kọjú kẹ̀kẹ́ sí. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ló gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mi wọ̀n ọ́n.

A gba Ìtòkú, a gun Aké, a já sí Adátán. Òkè inú ìgboro kúrú, ó sì le. Ẹsẹ̀ tí kò tíì gbóná kò gbọdọ̀ fi ipá gùn ún, nítorí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ṣe. Ọbántokò, Òṣíẹ̀lẹ̀, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì. Lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, tí àpáta wá ń yọ láàárín oko ẹ̀gẹ́ bí ẹ̀yìn erin.

Òkè ilẹ̀ yìí kò rí bí àwọn òkè ilẹ̀ Faransé tí a máa ń wò lórí tẹlifíṣàn nígbà ìdíje kẹ̀kẹ́. Níbẹ̀, gígun òkè ẹyọ kan lè gbà tó wákàtí kan. Tiwa kì í pẹ́ tán. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán, òmíràn ti dúró dè ọ́, kò sì sí ibi tẹ́jú tí o ti lè fẹ́ ara. Ẹni tó bá ná gbogbo agbára rẹ̀ lórí èkíní kò ní rí nǹkan kan lò lórí èkẹwàá. Àbúrò mi lágbára jù mí lọ, ó fẹ́ràn kó dìde lórí ìjókòó kó máa fi gbogbo ara tẹ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Èmi máa ń jókòó ni. Mo máa ń yí jíà sí èyí tó rọrùn jù kí òkè tó mú mi, nítorí pé bí ènìyàn bá dúró títí ó fi ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára kó tó yí i, ṣéènì lè fò kúrò lórí eyín jíà, ó tilẹ̀ lè já. Eyín 34 ló wà níwájú kẹ̀kẹ́ mi, 32 sì wà lẹ́yìn níbi tó rọrùn jù. Ìyẹn ni pé bí mo bá yí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn yí díẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í yá. Ṣùgbọ́n ó ń gòkè, èémí mi sì ń tó mi í sọ̀rọ̀. Mo gba ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gun ilẹ̀ Ẹ̀gbá nímọ̀ràn pé kó wá jíà tó kéré bẹ́ẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó náwó lórí ohunkóhun mìíràn.

Níbi òkè kan tó gùn díẹ̀ kí a tó dé Ọ̀dẹ̀dá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa àwọn ìyá tó gbọ̀nà yìí nígbà náà, tí wọ́n pọn ọmọ, tí wọ́n ru ẹrù, tí wọ́n ń wẹ̀yìn wò bóyá ogun ń bọ̀. Ara mi le, kẹ̀kẹ́ mi fúyẹ́, mo ti jẹun, síbẹ̀ òógùn ti wọ̀ mí lójú. Omijé bọ́ lójú mi lórí òkè yẹn, n kò sì nu ún.

Ní Ọ̀dẹ̀dá, a jẹ àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ, a rọmi kún ìgò, a sì yà kúrò lójú títì ńlá tó lọ sí Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni ariwo ọkọ̀ ti dínkù. Ọ̀kadà ló kù, àti àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń kí wa, “Ẹ kú ìrìn o,” àwa náà ń dáhùn títí ọ̀fun fi gbẹ.

Ìlúgùn wà láàárín ìgboro Abẹ́òkúta, ará ìlú mọ̀ ọ́n dáadáa. Oríle Ìlúgùn ni ibi tí wọ́n ti ṣí wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ìbarà rí, òun náà ní oríle tirẹ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ìlú tó fọ́ nígbà ogun ni wọ́n gbé orúkọ wọn wá sọ àdúgbò ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ilẹ̀ sì rọ̀, àwọn kan padà lọ tún oríle dó. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń gbé Ìlúgùn ti ìgboro máa wá síbí, kí wọ́n wá wò ó.

Nígbà tí a dé Oríle Ìlúgùn, bàbá àgbà kan wà lábẹ́ igi níwájú ilé. A dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó wo kẹ̀kẹ́ wa láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fi èyí ti Abẹ́òkúta dé ibí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Èmi náà gùn ún. Raleigh ni tèmi. Mo máa ń di àpò gààrí mọ́ ọn lẹ́yìn, ó di Abẹ́òkúta. Kò ní jíà kankan. Bí mo bá débi tó ga, mo bọ́ sílẹ̀, mo tì í.” Ó tún fọwọ́ kan táyà mi. “Ṣé ẹ̀yin kì í bọ́ sílẹ̀ ni?”

Àbúrò mi ní a kì í fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

“Ẹ ó bọ́ sílẹ̀ lónìí. Èyí tín-ínrín jù fún iyanrìn tó wà níwájú yẹn.”

Ó bù ọsàn fún wa, kò gba kọ́bọ̀. Òótọ́ ló sì sọ. Ilẹ̀ pupa ló kù níwájú, iyanrìn sì kó jọ ní ìsàlẹ̀ òkè kọ̀ọ̀kan. A dín atẹ́gùn táyà kù kí ó lè di ilẹ̀ mú, a gun ibi tó ṣeé gùn, a ti kẹ̀kẹ́ níbi tí kò ṣeé gùn. Ẹni tó bá ní táyà tó fẹ̀, bíi mílímítà 32 sókè, yóò gbádùn ibẹ̀ jù wá lọ.

Igbó Olókeméjì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn igbó tí ìjọba kọ́kọ́ dáàbò bò ní Nàìjíríà, láti 1899, odò Ògùn sì gba ibẹ̀ kọjá. Ojú irin àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901 náà gba ibẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1929. Wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta: wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ táútáú, di pápá tí igi rẹ̀ fọ́nká. Èyí tí iná kò kàn di igbó dídí. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí iná ń ṣe, torí ní ọ̀nà, ibi tí ọdẹ ti sun àti ibi tí wọn kò sun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Níbi tí igi pọ̀ sí, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ lù wá láyà, a sì rọra lọ kí ó má baà tètè tán.

Tààrà, kìlómítà 35 ló sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà sì ń yípo, nítorí náà a ò pẹ́ níbẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló gba ìṣọ́ra nígbà ìpadàbọ̀, nítorí pé òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí ilẹ̀ pupa. Bíréèkì méjèèjì ni kí ènìyàn máa fọwọ́ kàn díẹ̀díẹ̀, kí ó tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó kúrò nílé kí aago mẹ́fà tó lù, kí ó gbé tíúbù méjì àti pọ́ǹpù, nítorí fọganáísà ọ̀nà oko kì í ní tíúbù kẹ̀kẹ́ irú tiwa. Kí ó gbé omi tó pọ̀ láti Ọ̀dẹ̀dá. A kò rí omi rà lẹ́yìn Oríle Ìlúgùn.