Ẹnu Mi Kọ́ Ló Kó Bá Napoli

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Karùn-ún 2023. Aago mẹ́ta òru ti lù, báńgà ṣì ń dún lábẹ́ fèrèsé mi. Oorun ò sí fún ẹnikẹ́ni nílùú Naples.

Lọ́jọ́ Àìkú ni mo hùwà òpè. Bí Napoli, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, bá na Salernitana, ife líìgì Ìtálì, tí wọ́n gbà kẹ́yìn ní 1990, ti dé ọwọ́ nìyẹn. Olivera gbá kan wọlé fún Napoli. Mo nawọ́ sókè nínú ṣọ́ọ̀bù kọfí ìsàlẹ̀ ilé wa: “A ti gbà á lórúkọ Jésù!” Mo tún túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Bàbá tó ń po kọfí kiwọ́ bọ àpò, wọ́n di ìwo pupa kékeré tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ wọn mú, èyí tí wọ́n fi ń lé aburú. Níṣẹ̀ẹ́jú 84, Boulaye Dia ti Salernitana dá a padà, ó di ọ̀mì. Kò sẹ́ni tó wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

Scaramanzia ni wọ́n ń pè é: o ò gbọdọ̀ dárúkọ ire tí kò tíì dé. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ jẹ́ pe “scudetto”, orúkọ ife líìgì náà, “nǹkan yẹn” ni wọ́n ń wí. (Àsíá búlúù tí wọ́n ti ta sójú títì láti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Ó jọ pé èèwọ̀ ẹnu ni, kì í ṣe tọwọ́.) Abájọ tó fi jẹ́ pé inú tifo, orúkọ àrùn ibà kan, ni wọ́n ti fa orúkọ tí wọ́n ń pe olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yọ.

Ṣùgbọ́n ta ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Ìyá mi ò jẹ́ kí aládùúgbò kankan gbọ́ pé mo ti gba físà, àfi ìgbà tí bàálù gbéra. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi ní “mo ti gbà á”.

Lálẹ́ àná, mi ò la ẹnu rárá. Udine ni wọ́n ti gbá a, àwọn onílé ló sì kọ́kọ́ jẹ góòlù. Bàbá wò mí. Mo fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n lè rí i pé èmi kọ́. Wọ́n bọ́ ìwo náà lára kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Níṣẹ̀ẹ́jú 52, Osimhen, ẹni tó ti ta omi rí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, gbá a wọlé, ó di ọ̀mì; ọ̀mì sì ti tó láti gba ife. Mo ń gé ètè jẹ títí fèrè fi dún.

Bàbá ń sunkún. “Nigeria,” wọ́n ní, “wá sọ tọjọ́ Àìkú.” Mo sọ ọ́. Àwọn náà gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n “gb” yẹn ò gba ẹnu wọn.