Ọyẹ́ Kì í Pa Fern: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Ọgbà Mi Ní Òṣogbo

Ẹ̀yin tí ẹ ní fern, ewéko tí ń hù níbi ibòòji àti lára ọ̀pẹ, lọ́gbà ní Òṣogbo níbí mọ ohun tí ọyẹ́ máa ń fi ojú rẹ̀ rí láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì: ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀ lásìkò òjò yóò pọ́n, yóò gbẹ, etí rẹ̀ yóò sì máa rún bí ọwọ́ bá ti kàn án, tí gbogbo rẹ̀ yóò fi wá jọ ìdọ̀tí lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ewé nìkan ni ó kú. Gbòǹgbò ń bẹ láàyè.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi nínú ọyẹ́ tí ó kọjá yìí, wọ́n sì fẹ́ràn ìmọ́tótó púpọ̀. Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ilé nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n ti hú gbogbo fern tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n kó wọn jọ, wọ́n sì ti dáná sun wọ́n. Ewé ti jó tán, ṣùgbọ́n ìdí wọn kò jó. Ṣe ni wọ́n ń sọ ṣìì nínú iná, nítorí omi ṣì kún inú wọn. Mo fi igi fa ọ̀kan jáde, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì: inú rẹ̀ funfun, ó tutù, èéhù kéékèèké tí ó ká roboto bí ìkarahun ìgbín sì wà lórí rẹ̀, irun wẹ́wẹ́ bò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Àbúrò, mo ti bá ọ gbá ibẹ̀ mọ́.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Kí ni kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n? Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí pé kí ló dé tí n kò tètè kìlọ̀, nítorí mo ti kìlọ̀; èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé ohun tí ó bá ti gbẹ ti gbẹ.

Díẹ̀ ṣẹ́kù lẹ́yìn kànga tí wọn kò kíyè sí. Òjò rọ̀ ní oṣù Kẹta, wọ́n rú, mo pín wọn, ẹ̀gbẹ́ ògiri sì ti ń kún padà.

Nítorí náà, bí fern yín bá gbẹ, ẹ ṣẹ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ́. Bí inú rẹ̀ bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ náà sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun ni ó ń ṣíji bo ìdí náà títí òjò yóò fi dé. Ẹ máa bu omi sí ilẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ wo èyí tí ń hù lára ọ̀pẹ: kò sẹ́ni tí ń bomi rin ín, ewé jíjẹrà tí ó há sáàárín ìdí imọ̀ ọ̀pẹ ni ó ń gbé e ró. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́, kì í ṣe ìgbẹ́ adìyẹ tútù, èyí tí yóò jó gbòǹgbò rẹ̀. Ó fẹ́ ibòòji pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti wọ Igbó Ọ̀ṣun mọ bí ilẹ̀ abẹ́ igi ṣe máa ń tutù nígbà tí ìgboro bá gbẹ.

Àwọn àmì róbótó tí ó tò sábẹ́ ewé rẹ̀ kì í ṣe kòkòrò. Fern kì í tan òdòdó, kì í sì í so èso. Inú àmì wọ̀nyẹn ni ohun tí ó fi ń bí sí i wà, ẹ má fín oògùn sí i. Ẹ má sì hú u nínú ọyẹ́, bí ó ti wù kí ẹni tí ó ní kí ẹ hú u dàgbà tó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bù nínú ti aládùúgbò rẹ̀, kí ó dúró di oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún tí òjò bá ti múlẹ̀, kí ó gé e tòun ti gbòǹgbò àti èéhù, kí ó má sì ri ìdí rẹ̀ jìn, nítorí bí iyẹ̀pẹ̀ bá bo orí èéhù náà, yóò jẹrà.