Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí kọ́tìnnì pálọ̀ mi tó kéré

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ́tìnnì sí pálọ̀ kékeré, tó sì ti ní in lọ́kàn pé àwọ̀ tí ò pariwo lòun ń wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra tèmi. Ti àkọ́kọ́ yẹn, aṣọ gidi ni o, télọ̀ tó rán an náà mọṣẹ́, àwọ̀ ni mi ò mọ̀ ọ́n yàn, ó sì dùn mí gan-an torí owó tí mo ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ ni mo fi rà á.

Pálọ̀ mi ò ju mítà 3 níbùú lọ, wíńdò kan péré ló ní, oòrùn kì í sì í wọbẹ̀ tààrà. Ògiri rẹ̀ kírímù. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé àwọ̀ jẹ́jẹ́ ló bá yàrá kékeré mu, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo bá lọ ra àwọ̀ eérú. Ní ṣọ́ọ̀bù, eérú ni lóòótọ́, ó mọ́ lójú, ó tutù lójú. Mo gbé e délé, mo gbé e kọ́, ló bá di búlúù. Mo rò pé ojú mi ni, mo jáde, mo tún wọlé, búlúù náà ni. Tó bá ti wá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ báyìí, ńṣe ni gbogbo ibẹ̀ á ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, ògiri kírímù tí mo fẹ́ràn yẹn á wá dà bí èyí tó ti gbó.

Àṣé èyí tó dá dúró ò wọ́pọ̀ nínú àwọn àwọ̀ tá à ń pè ní jẹ́jẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló ní àwọ̀ míì tó fara pamọ́ sábẹ́ wọn. Funfun wà tó fà sí yẹ́lò, funfun wà tó fà sí búlúù. Eérú kan á fà sí àwọ̀ ewé, òmíràn á fà sí búlúù bíi tèmi. Àwọ̀ páálí náà, ẹ máa rí èyí tó ní píǹkì nínú tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ń wo aṣọ kan ṣoṣo lóun nìkan, ẹ ò ní rí i rárá. Ẹ mú bébà funfun, èyí tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lásán, ẹ tẹ́ aṣọ náà lé e, ohun tó wà lábẹ́ á jáde sí yín lójú kíá. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ìmọ́lẹ̀ ló tún wá dá kún un. Wíńdò tí oòrùn ò bá kọjú sí, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ń gbà, ìyẹn sì máa ń fà sí búlúù. Gílóòbù tèmi náà, nígbà tí mo yẹ páálí rẹ̀ wò mo rí 6500K lára rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ irú àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní, ìyẹn ni èyí tó funfun tó tún ní búlúù díẹ̀ nínú. Èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí lára ló máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná àtùpà. Torí náà aṣọ tó ní búlúù lábẹ́, wíńdò tó ń fún un ní búlúù lọ́sàn-án, gílóòbù tó ń fún un ní búlúù lálẹ́, ibo ni eérú mi fẹ́ gbà yọjú?

Nígbà tí mo fẹ́ ra ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ ẹni tó ń ta aṣọ pé kó gé díẹ̀díẹ̀ fún mi nínú mẹ́ta, mo sì sanwó ẹ̀. Ẹ má gba èyí tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ o, kò ní sọ nǹkan kan fún yín, kó tó aṣọ ìrọ̀rí kan ó kéré tán. Mo fi píìnì há wọn sójú wíńdò, mo fi wọ́n síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tí ẹnì kankan ò sọ fún mi rí: ẹ̀yìn ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wá bá kọ́tìnnì lọ́sàn-án, àmọ́ lálẹ́, iwájú ni gílóòbù ti ń tàn sí i, aṣọ kan náà á sì di méjì. Aṣọ tó wà ní kíká lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù ò lè fi ìyẹn hàn yín. Èyí tó jẹ́ kírímù dáa lálẹ́, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ó pàwọ̀ dà di yẹ́lò. Ti àwọ̀ páálí dúdú jù. Èyí tó dà bí yanrìn ni mo wá ń tẹjú mọ́. Láàárọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín rẹ̀ kọjá, màá máa rí àwọn òwú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, òmíràn nípọn, òmíràn fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n hun ẹní. Òun ni mo mú. Àwọn tó ń sọ pé àwọ̀ jẹ́jẹ́ kì í ní ẹwà, ẹ wá aṣọ tí òwú rẹ̀ ń hàn báyẹn, ẹ máa rí i.

Àwọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ dúdú ju ti ògiri mi lọ, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Tí àwọ̀ kọ́tìnnì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ògiri dọ́gba, ojú kì í dúró sí etí aṣọ, á kàn máa lọ ni, yàrá á sì dà bíi pé ó fẹ̀. Tó bá yàtọ̀ gan-an, ibi tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí nìkan lojú á máa rí, ó máa gé ògiri kékeré yẹn sí wẹ́wẹ́.

Ọ̀pá kọ́tìnnì náà ńkọ́? Mo yọ ọ́ kúrò lókè férémù wíńdò, mo gbé e lọ sókè títí ó fi ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 kó kan àjà, mo sì jẹ́ kó fi sẹ̀ǹtímítà 20 kọjá wíńdò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Tí mo bá ṣí i báyìí, ara ògiri laṣọ ń kó jọ sí, kì í bo gíláàsì, gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló ń wọlé. Ẹ jẹ́ kó gùn dé ilẹ̀, kó kàn ku sẹ̀ǹtímítà 1 péré, torí kọ́tìnnì tó dúró sí ìdajì ògiri máa ń jẹ́ kí àjà rẹlẹ̀. Ẹ má sì torí pé yàrá kéré kẹ́ ẹ wá fi aṣọ ṣahun. Tí ọ̀pá bá jẹ́ mítà 2, aṣọ gbọ́dọ̀ tó mítà 4, kó lè ṣẹ́ léra.

Tó bá jẹ́ aṣọ òwú ni, ẹ fọ̀ ọ́ kí télọ̀ tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án, torí ó máa ń súnkì. Ẹ ní kó fi láínìn funfun sẹ́yìn rẹ̀, kí oòrùn má bàa ṣá a. Funfun balau, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀ níbi tí aṣọ ti ń kan àga, etí tá à ń fọwọ́ fà lójoojúmọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ dọ̀tí.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, mi ò jù ú nù. Mo fún àbúrò mi, pálọ̀ tiẹ̀ náà ò tóbi, ṣùgbọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo lọ kí i, mo bá kọ́tìnnì yẹn lójú wíńdò, oòrùn ń tàn sí i, kò sí búlúù kankan lára ẹ̀ mọ́, eérú tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn gan-an ni.