Igbó tó ní rìsíìtì

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pè mí sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé ọmọkùnrin kan tí a jọ ń to ẹrù wọlé láàárọ̀, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ń rùn igbó gbuu, mo bá fọwọ́ bo imú, mo kígbe "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ọ̀gá ní ohun tí ẹni ẹlẹ́ni ń mu nílé ara rẹ̀ kò kàn mí, pé mo dójú tì í lójú gbogbo èèyàn.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ Kánádà ti fọwọ́ sí igbó mímu. Ní Ontario níbí, ẹni tó bá ti pé ọdún 19 lè kó gíráàmù 30 sápò rìn kiri, ilé kan sì lè gbin ìdí mẹ́rin. Ìdí mẹ́rin! Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà òkè ilé wa gbin tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì, ó ní ti orókún ni. Mo bi í bóyá ó ti fi òrí pa á rí.

Láti ibùdókọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀bù igbó mẹ́ta ni mò ń kọjá. Bó bá jẹ́ ewédú ni, ọkọ̀ méjì ni màá wọ̀. Wọ́n á yẹ káàdì rẹ wò, wọ́n á gba owó orí ìjọba, wọ́n á já rìsíìtì fún ọ.

Nílé lọ́hùn-ún, wíwé igbó kan ṣoṣo ni ọlọ́pàá bá lápò àbúrò mi lọ́dún 2009. Màámi ta ẹ̀rọ ìránṣọ wọn láti fi gbà á sílẹ̀, owó náà ò tó. Nígbà tó fi jáde lẹ́wọ̀n, "ọmọ igbó" ti di orúkọ rẹ̀ ládùúgbò. Kó kàn bínú díẹ̀, wọ́n á ní ẹ gbé e lọ Árò. Níbí, lọ́dún 2019, wọ́n ṣòfin pé ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi rí torí irú wíwé bẹ́ẹ̀ lè tọrọ ìdáríjì láìsan kọ́bọ̀.

Òfin ibí náà léyín o. Àwa tí a ò tíì di ọmọ onílùú, bí wọ́n bá ká wa mọ́ ìdí ọkọ̀ tí òòyì igbó ti ń kọ́ wa lójú, ó lè lé wa padà sílé.

Mo pe àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àǹtí mi, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń já rìsíìtì? Ẹ ya fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bẹ ọmọkùnrin yẹn, mo sì tọrọ rìsíìtì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú, ó bá fún mi. Ó wà nínú báàgì mi. Mi ò tíì yà á.